Ohun Tí Ayùn Jẹ

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ purọ́ náà máa ń kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà n kò ní búra. Iṣẹ́ mi nìkan ni n ó sọ. Ìjọba ló gbà mí láti máa yẹ kòkó wò, kí n sì máa wọ̀n ọ́n. Ohun tí ìwọ̀n bá sọ ni mo máa ń kọ sílẹ̀. N kì í fi kún un, bẹ́ẹ̀ ni n kì í yọ nínú rẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ sọ èyí náà nìyẹn.

Sylvanus ni orúkọ mi. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí, inú ìjọ Àgùdà ni wọ́n sì bí mi sí. Ní ọdún 1954, mo jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní sítọ̀ kòkó ìjọba ní Ọ̀wọ̀.

Ní oṣù kejì ọdún náà, òkúta kan já láti ojú ọ̀run sí oko ọkùnrin kan ní Àfò. Ọmọ́lẹ́yẹ ni orúkọ olóko náà, àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ jù. Ó ní ọ̀sán gangan ni. Ojú ọ̀run mọ́, kò sí ìkùukùu kankan. Ó ń kọ ebè lọ́wọ́. Ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ dàbí ìgbà tí ènìyàn bá ń ya aṣọ tuntun. Lẹ́yìn náà ilẹ̀ dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbì. Lẹ́yìn èyí, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹyẹ dákẹ́. Kòkòrò dákẹ́. Ó ní mímí ara òun nìkan ni òun ń gbọ́.

Ó rí ihò kan láàrin ebè méjì, ó jìn tó orúnkún. Òkúta dúdú kan wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó tóbi tó orí ọmọ ọwọ́. Ó rò pé yóò gbóná. Ó tutù bí omi àmù.

Àwọn ará oko ní ẹdùn àrá ni. Ọmọ́lẹ́yẹ ní àrá wo ni yóò sán láìsí òjò. Ó dì í sínú àpò, ó gbé e lọ sí Ìfọ́n fún àwọn aláṣẹ. Láti Ìfọ́n, wọ́n gbé e wá sí Ọ̀wọ̀. Àwọn aláṣẹ Ọ̀wọ̀ náà kọ ìwé sí àwọn tó ń yẹ òkúta wò fún ìjọba. Ìdáhùn wọn kò pẹ́. Wọ́n ní kí a wá ẹni tó mọ òkúta gé, kí ó gé abala kan láti àárín rẹ̀, kí ó dán ojú abala náà, kí a fi ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ní kí a wọn òkúta náà kí a tó gé e, kí a sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn gígé, nítorí wọ́n fẹ́ mọ bí ohun tó máa ṣòfò ṣe pọ̀ tó kí wọ́n tó gé ìyókù. Ìwọ̀n tó péye jù ní Ọ̀wọ̀ wà lọ́wọ́ mi. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kàn mí nìyẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ òkúta gé nílùú. Jìbírílù ni. Bàbá rẹ̀ ló kó iṣẹ́ lántànà wá láti Ìlọrin, òkúta pupa tí wọ́n máa ń gé, tí wọ́n máa ń lu, tí wọ́n máa ń dán, títí yóò fi di ìlẹ̀kẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ òyìnbó ti gba ọjà. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni kò gbé lántànà wá fún un mọ́. Ọlọ ló ń fi òòlù ṣán fún àwọn obìnrin, kí ojú rẹ̀ lè mú. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí, òun àti ìyàwó rẹ̀ Sàlímọ́tù nìkan ló sì kù níbẹ̀. Ọmọ wọn Rùfáì ti lọ ń ṣiṣẹ́ télọ̀ ní Àkúrẹ́.

Nígbà tí mo gbé òkúta náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sún mọ́ ọn. Ó gbé ọwọ́ lé e. Ó yí i po.

"Akọ̀wé," ó ní, "níbo ni wọ́n ti rí eléyìí?"

"Ó já láti òkè ni, Bàbá."

"Wọ́n fẹ́ kí n gé e?"

"Abala kan péré. Wọ́n sì fẹ́ mọ ohun tó máa ṣòfò."

Ó rẹ́rìn-ín. "Sọ fún wọn pé yóò ṣòfò. Ayùn kò lè kọjá lára òkúta láìjẹ ẹ́. Bí mo bá gé lántànà kan, ìdajì rẹ̀ ni mo máa ń gbá síta. Ohun tí ayùn bá jẹ, ó ti lọ nìyẹn."

A wọ̀n ọ́n. Pọ́n-ùn méjìlá àti áúnsì mẹ́ta.

Ayùn rẹ̀ kò ní eyín. Irin pẹlẹbẹ kan ni, ó fẹ́lẹ́ bí ewé. Yóò da yanrìn kíkúnná àti omi sójú òkúta, yóò máa fa irin náà lọ, yóò máa fà á bọ̀. Yanrìn ló ń jẹ òkúta, irin kàn ń tì í ni. Ẹrẹ̀ dúdú yóò máa ṣàn sínú igbá nísàlẹ̀. A ti wọn yanrìn náà tẹ́lẹ̀, kí a lè mọ èyí tó jẹ́ ti òkúta nínú ẹrẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gé ojú àkọ́kọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, òkúta náà là sí méjì. Ó ránṣẹ́ pè mí. Mo bá a níbi tó jókòó sí, ó gbé apá kan òkúta náà lé itan, ó ń wò ó bí ẹni tó ń ka ìwé.

N kò rí irú rẹ̀ rí. Dúdú ni ẹ̀yìn òkúta náà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kún fún nǹkan róbótó kéékèèké bí ẹyin ẹja, irin sì ń kọ mànà láàrin wọn.

"Kò sí ẹni tó rí inú rẹ̀ rí," Jìbírílù sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Láti ìgbà tí Ọlọ́run ti dá a. Èmi ni ẹni àkọ́kọ́."

A wọn apá méjèèjì pọ̀. Áúnsì mọ́kànlá ti lọ nínú rẹ̀. Èyí kò yà wá lẹ́nu. A sá ẹrẹ̀ inú igbá sí oòrùn títí ó fi gbẹ, a wọ̀n ọ́n, a yọ ìwọ̀n yanrìn kúrò.

Áúnsì mẹ́rin ló kù.

Mo tún wọ̀n ọ́n. Mo gbé ìwọ̀n náà lọ sí ibi tí ilẹ̀ tẹ́jú dáadáa, mo tún wọ̀n ọ́n. Mẹ́rin. Áúnsì méje kò sí níbẹ̀.

"Afẹ́fẹ́ ló gbé e," mo ní.

"Ẹrẹ̀ tútù?" Jìbírílù ní. "Ọdún mélòó ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí? Afẹ́fẹ́ kì í gbé ẹrẹ̀ tútù."

Abala ní ojú méjì, nítorí náà ó ku ojú kan tí a gbọ́dọ̀ gé. Lọ́tẹ̀ yìí, a ṣọ́ra. Sàlímọ́tù, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Rùfáì, mú aṣọ funfun kan jáde, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ igbá. A ti fèrèsé. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ojú mi kò kúrò lára igbá náà àfi tí wọ́n bá pe ìrun, tí Jìbírílù bá lọ sí mọ́ṣáláṣí. Bó bá lọ, ìyàwó rẹ̀ yóò bá mi ṣọ́ ọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, nígbà tó ku díẹ̀ kí ayùn kan ìsàlẹ̀, ìró rẹ̀ dákẹ́.

Mo wo Jìbírílù. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Omi ń kán. Yanrìn ń yí lábẹ́ irin. Ṣùgbọ́n kò dún. N kò gbọ́ omi tó ń kán náà. Adìẹ kan ya ẹnu lójú ọ̀nà, n kò gbọ́ igbe rẹ̀. Jìbírílù náà ti fura sí i. Ó wò mí, kò dá ọwọ́ dúró. Ó tó ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi ka àdúrà Baba Wa lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà abala náà já bọ́ sórí aṣọ, a sì gbọ́ ọ, pẹ̀pẹ̀. Adìẹ náà ń ké.

A gbé igbá kúrò. Aṣọ funfun náà mọ́ tónítóní. Òkúta ti dín ní áúnsì mọ́kànlá. Ẹrẹ̀ gbígbẹ jẹ́ áúnsì mẹ́rin. Bákan náà gẹ́lẹ́. Méje àti méje, áúnsì mẹ́rìnlá ló ti lọ lójú wa.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Ọmọ́lẹ́yẹ wá bá mi ní sítọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mú fìlà rẹ̀ dání.

"Akọ̀wé, ẹ má bínú. Ṣé ẹ ti dá òkúta yẹn padà ni?"

"Padà síbo, Bàbá?"

"Sínú ihò rẹ̀."

Mo gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e lọ sí Àfò ní ọjọ́ kejì, mo sì gbé ìwọ̀n kékeré kan dání. Ihò náà ṣì wà láàrin ebè méjì. Èèrùn ń tò lọ lórí ilẹ̀. Tí wọ́n bá dé etí ihò náà, wọ́n á yà, wọ́n á gba ẹ̀bá rẹ̀ kọjá. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òkúta dúdú kan wà nísàlẹ̀, ó tó ẹyin adìẹ méjì tí a lẹ̀ pọ̀.

"Kò tó báyìí tẹ́lẹ̀," Ọmọ́lẹ́yẹ sọ. "Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, bí obì ni. Mo gbé e lọ sí ahéré. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ihò ló wà. Mo tún gbé e. Ó tún padà. N kò gbé e mọ́."

Mo mú un jáde, mo gbé e lé ìwọ̀n. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni mo gbé ìwọ̀n náà sí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Mo wo ibi tí ọ̀pá ìwọ̀n dúró sí, mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Áúnsì mẹ́tàlá.

Mo dá a padà síbi tó wà. N kò fẹ́ gbé e dání lójú ọ̀nà.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Jìbírílù, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, Ìyá Rùfáì sì ń gbọ́ láti ibi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ọkùnrin náà kò sọ pé irọ́ ni mo pa. Ó kàn béèrè ohun tí n kò fẹ́ kí ó béèrè.

"Mẹ́rìnlá ló sọnù lọ́wọ́ wa. Mẹ́tàlá ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan tó kù ńkọ́?"

Kí n tó dáhùn, ó wúkọ́. Ó ti ń wúkọ́ láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀, a kò sì kà á sí. Ta ni kì í wúkọ́ nínú iṣẹ́ eruku? Nígbà tí ẹrẹ̀ bá gbẹ sára irin, ó máa ń fẹ́ ẹ kúrò pẹ̀lú ẹnu. Ó gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀. Ìyá Rùfáì gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá Rùfáì," obìnrin náà ní. "Ẹ fún Akọ̀wé ní òkúta rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó dán, kí ó wá dán an fúnra rẹ̀."

"Ojú kan péré ló kù."

"Ẹ fi ojú kan náà sílẹ̀."

"Sàlímọ́tù." Èmi kò gbọ́ kí ó pè é ní orúkọ rẹ̀ rí. "Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń ṣán ọlọ. Ṣé o rí inú òkúta yẹn? Tí n bá dán an, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló máa hàn. Jẹ́ kí n rí i tán."

Èmi náà bẹ̀ ẹ́. Mo ní n ó kọ ìwé sí wọn pé ó fọ́. Ó mi orí. Ó ní òun kò tíì ba òkúta ẹnikẹ́ni jẹ́ rí, n kò sì gbọdọ̀ kọ ọ́ pé òun ba ti ìjọba jẹ́.

Ó fi ọjọ́ márùn-ún dán an. Ó kọ́kọ́ fi yanrìn dán an, lẹ́yìn náà eérú, lẹ́yìn náà awọ. Ìyá Rùfáì so aṣọ mọ́ ọn ní imú àti ẹnu, òun náà kò sì tú u. Lójoojúmọ́ ni mo máa ń yà lọ wò ó láti ibi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ohùn rẹ̀ ti há. Lọ́jọ́ kẹrin, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú yàrá kejì ni. Lọ́jọ́ karùn-ún, nígbà tí mo wọlé, ikọ́ rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Abala náà wà lórí awọ níwájú rẹ̀, ó ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí mo rí òrùlé nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ tutù. Ara rẹ̀ yá. Ó la ẹnu láti bá mi sọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ kó ṣiṣẹ́.

Kò sí ohùn níbẹ̀.

Kì í ṣe pé ó há. Kò sí ni. Ó gbìyànjú láti wúkọ́, kò dún. Ó pàtẹ́wọ́ láti mọ̀ bóyá etí wa ni, àtẹ́wọ́ náà dún. A mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò fi iná wo ọ̀fun rẹ̀, ó ní kò sí àìsàn kankan níbẹ̀, pé àyà rẹ̀ mọ́ ju ti ọ̀dọ́ lọ.

Ọmọ́lẹ́yẹ dé ní ọjọ́ ọjà. Kò béèrè nǹkan kan lọ́tẹ̀ yìí.

"Akọ̀wé," ó ní, "ẹnì kan wúkọ́ nínú ihò yẹn."

Ìyá Rùfáì wà lọ́dọ̀ mi nígbà tó sọ ọ́, ó wá gba oògùn tí mo bá a rà. Kò pariwo. Ó so gèlè rẹ̀ le, ó ní kí Ọmọ́lẹ́yẹ máa lọ níwájú, òun yóò tẹ̀ lé e. Mo ní kí ó jẹ́ kí a jọ lọ. Ó ní rárá.

Ọjọ́ kejì ló padà. Mo bá a nínú ilé tó ń da omi sí kòkò, ọkọ rẹ̀ sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Kí lẹ rí, Ìyá?"

"N kò rí nǹkan kan. Òkúta ni." Ó da omi náà tán. "Ó ní kí n má ta àwọn irinṣẹ́ òun."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ mi orí fún mi, pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo fi abala náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń yẹ òkúta wò. Mo kọ ohun tí ìwọ̀n sọ: bó ṣe rí kí a tó gé e, bó ṣe rí lẹ́yìn gígé, ohun tí a rí nínú igbá. N kò kọ nǹkan kan nípa Àfò, nítorí wọn kò béèrè. Wọ́n fèsì lẹ́yìn oṣù méjì. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní iṣẹ́ náà dára púpọ̀, wọ́n sì ní ohun tó ṣòfò kò ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ní kí a má gé ìyókù. Àwọn kan wá fi ọkọ̀ gbé e lọ.

Báyìí ni tọkọtaya náà ṣe ń gbé fún ọdún mẹ́rin. Jìbírílù ń ṣán ọlọ rẹ̀, ó ń jẹun, ó ń kírun, kò ṣàìsàn. Lẹ́ẹ̀kan láàrin ọ̀sẹ̀, Ìyá Rùfáì yóò wọ ọkọ̀ lọ sí Àfò. Àwọn ará àdúgbò rò pé ó ń ra iṣu níbẹ̀, òótọ́ sì ni pé ó máa ń ru iṣu bọ̀. Mo yà sọ́dọ̀ Jìbírílù ní ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ yẹn. Ọ̀sán ni. Ó ti gbé òòlù sílẹ̀, ó yí ojú sí ìhà Àfò, ètè rẹ̀ ń lọ. Yóò dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ èsì. Yóò rẹ́rìn-ín. Yóò tún máa bá a lọ. Mo rọra padà sẹ́yìn. Ó ṣe mí bí ẹni tó ṣèèṣì wọ yàrá tọkọtaya.

Mo béèrè lọ́wọ́ Ọmọ́lẹ́yẹ bóyá òun ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ní ikọ́ yẹn nìkan ni òun gbọ́, lọ́jọ́ kan yẹn. Ó ní láti ìgbà náà, ohùn obìnrin náà nìkan ni òun máa ń gbọ́, àti ìdákẹ́jẹ́. Kò gbin nǹkan kan sí agbègbè ihò náà mọ́. Ó ní kì í ṣe pé ẹ̀rù ń ba òun. Ó ní kò kàn bójú mu ni.

Èmi náà kò tún wọn òkúta inú ihò yẹn mọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìwọ̀n wà lọ́wọ́ mi, tí ọ̀nà sì gbé mi kọjá níbẹ̀.

Ní ọdún 1958, ní ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kọkànlá, Jìbírílù kírun ọ̀sán tán, ó jókòó sórí ẹní rẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ìyá Rùfáì ti lọ sí Àfò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí ránṣẹ́ sí mi pé èmi nìkan ni mo mọ oko tó máa ń lọ ní Àfò, kí n jọ̀ọ́ lọ mú un wá kíá. Mo tọrọ ọkọ̀ ní ibi iṣẹ́. Ní gbogbo ọ̀nà, mo ń to ọ̀rọ̀ tí n ó fi sọ fún un.

Ó jókòó sórí àpótí kékeré kan létí ihò náà, ó ká ọwọ́ lé itan. Ọmọ́lẹ́yẹ wà lábẹ́ igi ní ọ̀nà jíjìn, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Mo bọ́ bàtà mi. N kò mọ ìdí tí mo fi bọ́ ọ.

"Ìyá Rùfáì," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ilé ni mo ti ń bọ̀—"

Ó gbé ọwọ́ sókè sí mi, jẹ́jẹ́. Ojú rẹ̀ tutù fún omijé, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ balẹ̀.

"Mo ti gbọ́."

"Ta ló sọ fún yín?"

Ó fi àgbọ̀n júwe ihò náà. Ó sún díẹ̀ lórí àpótí, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ hàn mí.

"Jókòó, Akọ̀wé. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Mo ronú kan àwọn tó ń dúró dè wá ní Ọ̀wọ̀, àti òkú tí wọ́n ti wẹ̀. Mo jókòó. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Ẹyẹ kankan kò ké. Obìnrin náà ń mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń sọ ètò ilé fún, ó ń dáhùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé, "Mo ti gbọ́. Ó dáa. N ó sọ fún Rùfáì."

Ó pẹ́ kí ó tó parí.